Sọ́ńdè Yín ní Lapaz

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi. Ẹ má bínú pé lẹ́tà yìí pẹ́. Ó lé ní ogójì ọjọ́ tí mo fi ń bínú sí yín, ẹ kò sì kọ́ mi láti fi ìbínú bá àgbà sọ̀rọ̀. Ní báyìí tí inú mi ti rọ̀ díẹ̀, mo ní ìròyìn fún yín, mo sì ní ẹjọ́ láti bá yín rò.

Ìsọ̀ yín ní ọjà Kantamanto ní Accra níbí ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí. Èmi ni mo ń jókòó síbẹ̀ báyìí. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá síwájú, mo ń tún obroni wawu, òkírìkà wa, tó ya ṣe, mo sì ń ta èyí tí kò ya. Àwọn oníbàárà yín ṣì ń dúró, wọ́n á fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá béèrè yín, "Papa Alata dà?" Bí mo bá sọ fún wọn, wọ́n á ká ọwọ́ lérí, wọ́n á fi Twi bá mi kẹ́dùn, "Ei, due, due." Mo ti gbọ́ "due" yẹn débi pé ó ń dún létí mi bí orúkọ mi.

Màmá ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n ń kírun. Ṣùgbọ́n wọn kì í dárúkọ yín. Ṣé ẹ rí wọn lọ́jọ́ ìsìnkú? Alúfàá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Cow Lane, ó ní kí gbogbo ẹni tí ẹ bá ṣẹ̀ dárí jì yín kí wọ́n tó gbé yín jáde. Gbogbo èrò dáhùn pé àwọn ti dárí jì yín. Ẹ̀gbẹ́ Màmá ni mo dúró sí, mo ń wo ẹnu wọn. Ẹnu náà kò mì.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó fà á. Sọ́ńdè ni. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bí ẹ bá ti kírun ọ̀sán tán lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ ó wẹ̀, ẹ ó fi lọ́fínńdà sí ẹ̀yìn etí méjèèjì, ẹ ó ní oníbàárà kan ń dúró dè yín ní àdúgbò Lapaz. Ìrọ̀lẹ́ lẹ tó ń dé, ojú yín á sì máa dán bí ojú ẹni tó ti ibi àsè bọ̀. Màmá kò bi yín ní ìbéèrè kankan rí. Èmi ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún bí a bá ń fọ aṣọ. "Oníbàárà tí kì í ra aṣọ, tí kì í sì í wá sí ìsọ̀. Irú oníbàárà wo nìyẹn?" Èmi á ní n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n inú mi ń sọ ọ́ fún mi, bó ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn náà.

Ọjọ́ kẹta tí a sin yín ni fóònù yín dún nínú àpò ẹ̀wù tí ẹ fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo yọ ọ́. Orúkọ tó wà lójú rẹ̀ ni Dede Lapaz. Òyìnbó ni ó fi kọ ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe wọlé sí mi lára nìyí: Sọ́ńdè ti ń bọ̀ o, a ti nu àga yín, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọkàn wa fà jù. Nígbà tí Sọ́ńdè kọjá, òmíràn tún dé: Kí ló dé? Ṣé ara kò yá ni? Ẹ̀yin ni mo ń rò.

Bàbá mi, kí ni ẹ fẹ́ kí n rò? Mo pa fóònù náà, mo sì lọ tú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Lábẹ́ àwọn agbádá yín ni mo ti bá ẹ̀wù dúdú mẹ́rin, irú èyí tí àwọn ọmọkùnrin ń wọ̀, tí wọ́n ya agbárí òkú àti iná àti ẹyẹ abìyẹ́ gígùn sí láyà. Ọmọ, mo ní, ó ti tán. Kì í ṣe obìnrin nìkan ni ẹ ní sí Lapaz, ẹ ti bí ọmọkùnrin níbẹ̀. Èmi tí ẹ sọ fún pé èmi nìkan ni Ọlọ́run fi ta yín lọ́rẹ! Mo mú téèpù, mo wọn èjìká ẹ̀wù náà. Ó bá èjìká yín mu wẹ́kú. Èmi aránṣọ, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ìfura kò jẹ́ kí n rí i. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé ọmọ náà ti jogún èjìká yín.

N kò sọ fún Màmá. Mo gbé e sínú títí ó fi kù díẹ̀ kí ogójì ọjọ́ yín pé. Nígbà náà ni mo tan fóònù, mo pe Dede. Ohùn àgbà obìnrin ló dáhùn. Mo ní ọmọ Papa Alata ni mí. Ó fi Twi béèrè, "Ṣé àlàáfíà ni ó wà?" Ẹ forí jì mí, mo parọ́. Mo ní àlàáfíà ni ẹ wà, pé ẹ ní kí n wá mọ ibẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n bá wọn lójijì, kí wọ́n má tíì ráyè gbé ọmọ náà pamọ́.

Mo wọ trotro, bọ́ọ̀sì akérò wa, lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní Lapaz, mo ń bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ lọ jalè. Dede ti júwe ọ̀nà fún mi: ẹ̀yìn àwọn tó ń ta táyà, ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ tó ń jó irin géètì àti irin fèrèsé. Nítorí pé ọjọ́ ìsinmi ni, iná kò jó níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan, ọmọ ẹ̀yà Ga, ń to àga lábẹ́ páànù. Obìnrin àgbà kan tó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn dúró tì í. Àga mẹ́ta ni wọ́n tẹ́, tìmùtìmù wà lórí ọ̀kan.

"Papa dà?" Obìnrin náà ń wo ẹ̀yìn mi. "Ṣé ó ṣì ń ra ìrẹsì waakye lọ́wọ́ ni?"

Mo ní, "Mo parọ́ fún yín. A ti sin ín."

Bàbá arúgbó náà kò wá àga mọ́, orí ìtì irin tó wà nílẹ̀ ló jókòó lé. Obìnrin náà bi mí pé ọjọ́ wo. Mo sọ ọ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Àṣé òkú ni mo ń kọ̀wé sí láti ìgbà yẹn. Ìwọ ni o sì ń kà á."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó hàn. Wọ́n sunkún, mo dúró, mo ń wo ẹkún wọn bí mo ṣe ń wo ojú rírán aṣọ tí wọ́n ní kò tíì ya rí. Ta ló ń sunkún báyìí nítorí oníṣòwò òkírìkà? Mo bi wọ́n pé kí ni ẹ jẹ́ sí wọn.

"Ọ̀rẹ́," bàbá náà dáhùn. "Èmi ni Ataa Kwei. Àbúrò mi nìyí. Orin ló kó wa pọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi kì í gbọ́ orin. Rédíò kò sí nínú yàrá wọn. Ọmọ alúfàá ni wọ́n."

Ataa Kwei kò bá mi jiyàn. Ó dìde, ó ṣí yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Giramafóònù àtijọ́ kan wà lórí tábìlì, páálí àwo orin sì kún ara ògiri. Agbárí òkú ara ẹ̀wù inú àpótí yín wà níbẹ̀. Ẹyẹ abìyẹ́ gígùn wà níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kún fún orúkọ àwọn ará ìlú òkèèrè, orúkọ yín sì wà láàrin wọn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ọwọ́ ìkọ̀wé yín tó máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kọ ọ́.

Dede ló wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ní ìlú tí wọ́n ti ń yọ́ irin, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu gìtá lọ́nà tó wúwo, tó lọ́ra, tó sì dúdú, kí ẹnikẹ́ni tó fún irú orin bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Lẹ́yìn wọn ni àwọn òyìnbó wá sọ ọ́ ní hẹ́fì mẹ́tàlì, irin tó wúwo. Àwo mẹ́ta péré ni wọ́n ṣe. Àwọn tó tẹ àwo náà kò polongo rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó dé lẹ́yìn mú ohun tí wọ́n dá sílẹ̀, wọ́n fi di olókìkí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tú ká. Ọ̀kan nínú wọn lọ wa bọ́ọ̀sì. Títí di òní, bí wọ́n bá ń ka àwọn tó bẹ̀rẹ̀ orin náà, wọ́n á fo orúkọ wọn. Orúkọ òyìnbó tí wọ́n ń jẹ́ gùn, ó le lẹ́nu, nítorí náà ẹ̀yin lẹ sọ wọ́n ní Àwọn Alágbẹ̀dẹ.

Ó ní inú ẹrù aṣọ tó ti ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó wá ni ẹ ti bá àwo àkọ́kọ́, láàrin ẹ̀wù òtútù méjì, ẹ kò sì ní ẹ̀rọ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ. Ẹ bi ènìyàn títí wọ́n fi júwe alágbẹ̀dẹ kan ní Lapaz tó ní giramafóònù. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta péré ni olólùfẹ́ Àwọn Alágbẹ̀dẹ ní gbogbo Accra.

Ìtàn náà dùn. Ohun tó dùn jù ni mo máa ń fura sí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dán wọn wò. Mo pe Ataa Kwei sẹ́yìn, mo bi í pé orin wo ni bàbá mi fẹ́ràn jù. Ó ní ìkẹta nínú àwo àkọ́kọ́. Mo wọlé tọ Dede lọ, mo bi í ní ìbéèrè kan náà. Ó ní orin ìkẹyìn nínú àwo kejì. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ọlọ́run ti mú yín! Ẹ kò ráyè fi ẹnu kò."

Bàbá mi, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn méjèèjì kọjú sí ara wọn.

"Àwo kejì?" Ataa Kwei ń pariwo. "Ìwọ Dede! Papa tó sọ pé gìtá inú ìyẹn dà bí ẹni pé wọ́n gbàgbé láti bu iyọ̀ sí ọbẹ̀?"

"Ọjọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀, ibà ń ṣe é! Ó wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti yí ọkàn padà."

"Kò yí ọkàn kankan padà. Èmi tí mo ti mọ̀ ọ́n kí o tó mọ̀ ọ́n!"

"Àkọ́kọ́ yẹn, ìlù rẹ̀ ń sáré jù. Papa kò fẹ́ràn ìlù tó ń sáré. Ó ní ìlù gidi gbọ́dọ̀ máa rìn bí obìnrin tí ń ru ẹrù aṣọ ní Kantamanto, tó mọ̀ pé bí òun bá yára, òun á ṣubú."

Ibẹ̀ ni ara mi ti wálẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ronú kàn án. Wọ́n jà fún bí ìdajì wákàtí, wọ́n ń gbé àwo kalẹ̀, wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n gbàgbé pé mo wà níbẹ̀, wọ́n gbàgbé pé ẹ ti kú. Ènìyàn lè parọ́ ẹkún. Kò sí ẹni tó lè parọ́ irú ìjà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní Àǹtí Dede láti ibí lọ. Mo ti bú wọn tó nínú lẹ́tà yìí.

Bí wọ́n ṣe ń jà ni mo ń wo ara ògiri, mo wá rí páálí kan tí wọ́n so sókè ju àwọn yòókù lọ. Ẹṣin ni wọ́n yà sí i, wọ́n fi aṣọ di í lójú, iná ń jáde ní imú rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Kò sí àwo nínú rẹ̀. Mo mọ ẹṣin náà.

Mo ti gbàgbé rẹ̀, Bàbá mi. Mo búra fún yín. Ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ ni mí, mo rí ẹṣin yẹn nínú àpò yín, ẹ̀rù bà mí, mo sáré gbé e lọ fún Bàbá Àgbà. Bàbá Àgbà pè yín jáde sí ẹnu ọ̀nà, lójú gbogbo ará Cow Lane, wọ́n ní ẹ ti gbé èṣù wọ ilé alúfàá. Wọ́n fa àwo náà yọ, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣa gbogbo àfọ́kù rẹ̀, ẹ wá gbé mi sókè, ẹ ní kí n má sunkún mọ́.

Àǹtí Dede sọ fún mi pé irú àwo náà mìíràn dé lẹ́yìn náà. Alágbà kan tó ti ń pín lẹ́tà rí ní ìlú àwọn Alágbẹ̀dẹ, tí ẹ kò rí lójú rí, ló fi ránṣẹ́ sí yín lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ràn wọn ní Accra. Wọ́n ní ẹ kò gbé e wọlé rárá. Ẹ ní ọmọ yín ń bẹ̀rù.

Ṣé nítorí tèmi ni? Bàbá Àgbà kú nígbà tí mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́. Mo dàgbà, mo lọ́kọ, mo ń rán agbárí òkú mọ́ ẹ̀wù àwọn ọmọ ìta ní Kantamanto lójú yín láìbẹ̀rù. Kí ló dé tí ẹ kò tún bi mí? Àbí ẹ fẹ́ràn kí ohun kan wà tó jẹ́ tiyín nìkan? N kò mọ èyí tí n bá fara mọ́ nínú méjèèjì.

Mo sọ fún Màmá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n fún mi jẹ ní Lapaz. Wọ́n ní obìnrin náà gbọ́n, pé ó ti fi ìtàn orin bo ojú mi. Wọ́n ní àwọn á lọ fúnra àwọn. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, wọ́n wọ léèsì aláwọ̀ ewé, wọ́n wé ìbòrí wọn mọ́ra gírígírí bí ẹni ń lọ ilé ẹjọ́.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ wo Àǹtí Dede láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n béèrè pé, "Ta ló ń se oúnjẹ fún ọkọ mi níbí?"

"Waakye ló ń rà lójú ọ̀nà," ni Àǹtí Dede wí. "Èmi kò mọ oúnjẹ í sè."

Ataa Kwei mi orí. "Òtítọ́ ni, Màmá. Ìyà oúnjẹ ń jẹ wá níbí."

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí wọ́n lu orin náà. Ataa Kwei gbé àwo kejì sí i, orin ìkẹyìn, mo sì rí i pé ó dun ún láti ṣe bẹ́ẹ̀. Gìtá náà bú jáde bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin. Màmá di báàgì wọn mú. Ọkùnrin kan ń ké nínú rẹ̀ bí ẹni tó já sínú kànga, ìlù náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn, ó lọ́ra, ó wúwo, kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Kí n má tàn yín, Bàbá mi, èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, orí ló ń fọ́ mi.

Nígbà tó parí, Màmá yọ ọwọ́ lára báàgì wọn.

"Ariwo yìí ni?"

"Òun ni, Màmá," Ataa Kwei dáhùn.

"Láti gbogbo ọdún yìí wá?" Wọ́n kọjú sí mi. "Obìnrin ì bá sàn. Obìnrin, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá a jà. Kí ni kí n ti bá èyí ṣe?"

Màmá tún ní kí wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, nígbà tí ìlù náà wọlé, wọ́n gbé ìka méjì, wọ́n fi ń lu orí báàgì wọn, díẹ̀díẹ̀, ó sì bá a mu.

"Bàbá rẹ," wọ́n ní, "bí wọ́n bá ti jókòó de oúnjẹ, bí wọ́n ṣe máa ń lu tábìlì nìyí. Mo rò pé oúnjẹ mi ló ń pẹ́. Gbogbo ìgbà ni mo ń sáré. Mo ti jóná lọ́wọ́ rí nítorí ìka méjì yìí." Wọ́n fi ìbòrí nu ojú. "Àṣé wọn kò kánjú."

Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ń sáré, Bàbá mi? Ẹ wà níbẹ̀, ẹ ń rí wọn.

Àǹtí Dede ti kọ̀wé sí àwọn olólùfẹ́ Alágbẹ̀dẹ yòókù lókè òkun. Ìdáhùn ń wọlé lójoojúmọ́ láti ìlú tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, gbogbo àwọn ni yóò lu àwo kejì nítorí yín, níbi yòówù tí wọ́n bá wà. Mo bi Àǹtí Dede pé kí ni wọ́n fẹ́ jèrè níbẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló bí ọ?"

Lọ́jọ́ tí mo mú Màmá lọ, bí a ṣe ń padà bọ̀ nínú trotro, wọ́n ń wo ìta títí a fi dé àdúgbò Kaneshie. Lójijì wọ́n ní, "Ti Sọ́ńdè nìyẹn. Ti Ọjọ́rú ńkọ́?"

Mo ní, "Ọjọ́rú wo?"

"Ọjọ́rú tí wọ́n máa ń ní àwọn ń lọ gẹ irun. Irun wo? Ṣé orí bàbá rẹ kò pá ni?"

N kò mọ̀ pé ẹ̀rín wà nínú mi. Ó bú jáde, ó mú Màmá náà, a rẹ́rìn-ín títí tí awakọ̀ fi yí ojú padà wò wá, tí ìyá kan tó gbé ọmọ dání bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí. Nígbà tó rọlẹ̀, Màmá tún ìbòrí wọn wé, wọ́n jókòó dáadáa, wọ́n sì sọ ọ́ sókè ketekete, bí ẹni pé alúfàá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè:

"Mo dárí jì wọ́n. Ti Sọ́ńdè nìkan ni o."

Kí Ọlọ́run fi ibẹ̀ tù yín lára, Bàbá mi.

Èmi ni, ọmọ yín kan ṣoṣo (bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni), tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe lè wí lọ.